Funfun tàbí àwọ̀ aró: èwo ni kí a kùn sí ara ògiri, nínú ilé àti lóde?

Onílé_Tuntun kọ:

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ilé wa ti dé orí ọ̀dà kíkùn, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ èmi àti ọkọ mi kò ti bára mu. Ó fẹ́ kí gbogbo ilé jẹ́ funfun láti inú dé òde, nítorí ó gbà pé funfun kì í gba ooru sára, kì í sì í súni. Èmi fẹ́ àwọ̀ aró, àní èyí tó jìn débi pé ẹni tó bá wò ó láti òkèèrè yóò pè é ní dúdú, tí yóò wá rí i pé aró ni nígbà tó bá sún mọ́ ọn.

Iwájú ilé kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, oòrùn sì ń pa á láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yìn ilé wà lábẹ́ ìbòòji. Yàrá ìgbàlejò ní fèrèsé ńlá méjì, ṣùgbọ́n kékeré kan ṣoṣo ni ìyẹ̀wù wa ní. Sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi rẹ́ ògiri, kò sì tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí wọ́n parí rẹ̀. N kò béèrè èyí tó lẹ́wà jù, nítorí ojú kálukú ló mọ ohun tó wù ú. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bí àwọ̀ méjèèjì ṣe máa ń rí lára ògiri lẹ́yìn ọdún bíi márùn-ún, àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti máa ń dójú ti ẹni tó yàn án.

Akunlé_Àtijọ́ kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ ilé, mà. Ilé kíkùn ni iṣẹ́ mi, mo sì ti kun àwọ̀ méjèèjì yìí lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ooru, nítorí ọkọ yín kò purọ́. Àwọn tó ń ṣe ọ̀dà ní ìwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní LRV, òun ló ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ tí àwọ̀ kan ń dá padà ṣe pọ̀ tó. Orí òdo ló ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn dúdú tí kò dá ìmọ́lẹ̀ kankan padà, ó sì parí sí 100. Ọ̀dà funfun tó mọ́ dáadáa máa ń wà ní nǹkan bíi 85. Àwọ̀ aró tí ẹ ń sọ yìí kì í sábà ju 10 lọ. Ìmọ́lẹ̀ tí ògiri kò bá dá padà, inú ara ògiri náà ló ń wọ̀, ibẹ̀ ni yóò sì ti di ooru. Ẹ fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn onírin dúdú ní ọ̀sán gangan, kí ẹ tún fi kan funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ yín ni yóò ṣe ìyókù àlàyé náà fún mi.

Ooru inú ilé nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Ara ilé tó bá gbóná lọ́sàn-án a máa wú, bó bá tutù lóru a máa súnkì, ojoojúmọ́ ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà tó wà lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa bá a nà, kí ó sì máa bá a súnkì. Lára sìmẹ́ǹtì, ọ̀dà tó dára lè fara dà á pẹ́. Lára pákó ni mo ti ń bẹ̀rù àwọ̀ tó bá ṣókùnkùn jù, torí pákó a máa là, ọ̀dà a sì máa bó láti ojú ibi tí pákó méjì ti pàdé. Bó bá jẹ́ ike ni wọ́n fi bo ara ilé, ike náà lè lọ́, ìdí sì nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe é fi máa ń kìlọ̀ pé kí a má ṣe kùn ún ní àwọ̀ tó ṣókùnkùn ju èyí tó bá wá lọ.

Ní tèmi, n kò ní kun aró sí ògiri tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn.

Dúdú_Wùmí kọ:

Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi, ṣùgbọ́n apá kan ọ̀rọ̀ náà ṣì kù. Àwọ̀ eérú tó ṣókùnkùn gidigidi ni òde ilé mi, ó sì ti lo ọdún mẹ́fà báyìí. Funfun ni mo kọ́kọ́ kùn ún, ọdọọdún ni mo sì ń fọ̀ ọ́. Bí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ á ta sí ìdí ògiri títí dé ìwọ̀n orúnkún. Lábẹ́ fèrèsé, omi tó gbé eruku sọ̀kalẹ̀ á fa ìlà gígùn sílẹ̀ bí ojú ẹni tó sunkún tí kò nu omijé. Ní ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn kì í dé, ewédò ló hù sí i lára. Láti ìgbà tí mo ti yí i padà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo tíì fọ̀ ọ́. Àwọn ènìyàn máa ń pariwo ooru, ṣùgbọ́n ta ni yóò máa gun àkàbà lọ fọ ògiri lọ́dọọdún?

Ohun kejì ni pé ilé funfun tó wà ní gbangba oòrùn máa ń kọ mànà sí ojú. Ẹni tó bá jókòó sí ọ̀ọ́kán rẹ̀ yóò máa ṣẹ́jú títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àwọ̀ tó ṣókùnkùn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí ènìyàn.

Akunlé_Àtijọ́ kọ:

Ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ àti ewédò yẹn, òótọ́ ni, n kò lè jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi àwọ̀ eérú tiyín wé àwọ̀ aró tí ìyá ilé yìí ń béèrè, torí ohun tí wọ́n fi pa ọ̀kọ̀ọ̀kan láró yàtọ̀. Dúdú tó wá láti ara èédú, àti pupa tàbí ìyeyè ilẹ̀ tó wá láti ara ìpẹtà irin, oòrùn kì í rí wọn gbé ṣe. Titanium dioxide ló ń sọ ọ̀dà di funfun, òun náà kì í ṣá. Àwọn àwọ̀ tó ń tàn yòò, pàápàá àwọn pupa àti ìyeyè kan, ni oòrùn máa ń tètè jẹ.

Búlúù tí wọ́n ń pè ní phthalocyanine, èyí tí wọ́n sábà máa ń fi ṣe ìpìlẹ̀ irú àwọ̀ aró bẹ́ẹ̀, lágbára nínú oòrùn. Ibi tí ìṣòro ti lè wọlé ni ohun tí wọ́n bá pò mọ́ ọn láti mú un jìn. Bó bá jẹ́ dúdú èédú ni wọ́n pò mọ́ ọn, ọkàn yín balẹ̀. Bó bá jẹ́ pupa tàbí elésè-àlùkò tí kò lágbára, èyí ni yóò kọ́kọ́ ṣá, ẹ ó wá jí lọ́jọ́ kan rí i pé aró ti di búlúù mìíràn tí ẹ kò rà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ń pò ó. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Oòrùn tún máa ń jẹ ohun tó so ọ̀dà pọ̀. Bó bá ti jẹ ẹ́ dé ibì kan, ìyẹ̀fun á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú ògiri. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa á, ọwọ́ yín á dà bí ọwọ́ ẹni tó di ẹfun mú. Lára funfun, ènìyàn kì í rí i, òjò á kàn máa fọ̀ ọ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Lára aró, á dà bí ẹni pé ògiri ń hu ewú.

Mo gbọ́dọ̀ fi kún un, kí wọ́n má baà sọ pé mo gbè sẹ́yìn ẹnì kan, pé ọ̀dà tó ṣókùnkùn kan wà tí wọ́n ṣe láti máa dá ìtànṣán infrared padà. Nǹkan bí ìdajì agbára oòrùn ló wà nínú ìtànṣán tí ojú kò rí yìí, nítorí náà àwọ̀ kan lè ṣókùnkùn lójú kí ó má sì gbóná tó ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò lè sọ aró di funfun, ṣùgbọ́n ó ń dín ooru náà kù.

Onílé_Tuntun kọ:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ bá mi sọ ti inú ilé pẹ̀lú. Mo gba páálí àwọ̀ kékeré kan, kò ju ìka mẹ́ta lọ ní fífẹ̀. Nígbà tí mo gbé e sára ògiri yàrá ìgbàlejò lóru, lábẹ́ iná, dúdú ló rí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, níwájú fèrèsé, ó fẹ́ dà bí elésè-àlùkò. Funfun tí ọkọ mi yàn, èyí tí mo rò pé ó mọ́ bí òwú, tún pọ́n nígbà tí mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ aró náà. Ṣé páálí ló ń purọ́ ni, àbí ojú mi?

Ayàwòrán_Ilé kọ:

Kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn, àbúrò. Ẹ jẹ́ kí a mú iná ṣáájú. Gílóòbù tí wọ́n kọ 2700 K sí lára (K, ìyẹn Kelvin, ni wọ́n fi ń sọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ iná) máa ń pọ́n, búlúù kò sì pọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Aró, búlúù ló lè dá padà. Níbi tí búlúù kò bá sí, kò rí nǹkan kan dá padà, ojú á sì kà á sí dúdú. Bí ẹ bá fi gílóòbù tó wà láàárín 4000 K àti 5000 K síbẹ̀, aró náà á jí. Nítorí náà, ẹ má yan ọ̀dà kí ẹ tó yan iná.

Ti funfun tó pọ́n yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú ìbéèrè yín. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, onímọ̀ kẹ́míkà kan ní ilẹ̀ Faransé, Michel Eugène Chevreul, ni olórí ibi tí wọ́n ti ń pa òwú láró ní ilé-iṣẹ́ ahunṣọ Gobelins ní Paris. Wọ́n mú ẹjọ́ wá bá a pé òwú dúdú tí wọ́n ń pa níbẹ̀ kò dúdú tó. Ó yẹ òwú náà wò, kò rí àbùkù kankan lára rẹ̀. Ó wá rí i pé búlúù àti elésè-àlùkò tí wọ́n hun mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń bà á jẹ́ lójú ẹni tó ń wò ó. Ní 1839 ló tẹ ohun tó rí jáde: àwọ̀ méjì tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn máa ń ti ara wọn jìnnà, èyí tó mọ́ á túbọ̀ mọ́, èyí tó ṣókùnkùn á túbọ̀ ṣókùnkùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì máa ti èkejì lọ sí òdìkejì tirẹ̀. Ìyeyè tó súnmọ́ pupa ni òdìkejì búlúù. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí funfun ọkọ yín, tí ó ní ìyeyè díẹ̀ nínú tẹ́lẹ̀, fi pọ́n nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ aró. Bí ẹ bá gbé e kúrò níbẹ̀, á padà di òwú.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún yín ni pé ẹ kò gbọdọ̀ yan funfun ní ọjọ́ kan kí ẹ yan aró ní ọjọ́ mìíràn. Ẹ gbé àwọn méjèèjì pọ̀. Ẹ má sì fi páálí oníka-mẹ́ta dájọ́. Ẹ wá pákó pẹlẹbẹ méjì, kí ìbú àti gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan má dín sí sẹ̀ǹtímítà 60, ẹ kun ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ pátápátá, torí ọ̀dà olómi máa ń ṣókùnkùn sí i bó bá gbẹ. Ẹ gbé wọn láti yàrá dé yàrá, kí ẹ sì wò wọ́n ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti lálẹ́. Ẹ má kun ìdánwò náà sára ògiri fúnra rẹ̀, nítorí àwọ̀ sìmẹ́ǹtì tó yí i ká á tún gbé irọ́ tirẹ̀ dé.

Ti ìyẹ̀wù olófèrèsé kékeré yẹn, mo mọ̀ pé gbogbo ènìyàn yóò ní kí ẹ kùn ún ní funfun kí ó lè fẹ̀ lójú. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó bá dé ara funfun ni funfun lè dá padà; yàrá tí ìmọ́lẹ̀ kò dé, funfun ibẹ̀ á di eérú, igun yàrá á sì dà bí ibi tí wọn kò gbá. Aró kò retí ìmọ́lẹ̀ púpọ̀. Nínú yàrá bẹ́ẹ̀, ojú kì í rí ibi tí igun parí sí mọ́, ẹni tó bá sùn síbẹ̀ á rò pé ògiri ti sún sẹ́yìn. Yàrá ìgbàlejò olófèrèsé méjì ni kí ẹ fún ọkọ yín.

Ìyá_Mẹ́ta kọ:

Ọmọ mẹ́ta ni mo fi ń dán ògiri wò, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Funfun ń fi ọwọ́ ọmọ hàn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi kí n tó kun aró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni pé àwọ̀ tó ṣókùnkùn tí kò dán rárá máa ń fi gbogbo ìfarakàn hàn. Èjìká tó fi ara gbún un, èékánná, ẹ̀yìn àga: ìlà funfun ni gbogbo wọn ń fà síbẹ̀. Bí a bá sì fi aṣọ tútù nu ún kíkankíkan, ojú ibi tí a nù yóò máa dán nígbà tí ìyókù kò dán, àbàwọ́n á wá di méjì. Mo yí i padà sí èyí tó ń dán díẹ̀, ó sì ṣeé nù. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, nítorí bí aró bá ti dán jù, gbogbo ibi tí birikilà kò ti rẹ́ ògiri dọ́gba ni yóò jáde síta. Funfun a máa bo àṣírí birikilà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ojú_Lalákàn kọ:

Gbogbo yín ń jiyàn lórí àwọ̀, kò sì sí ẹni tó dúró lórí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n rẹ́ ògiri. Ṣé ó ti gbẹ?

Akunlé_Àtijọ́ kọ:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n, èmi ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Kí ó pé ọjọ́ 28 ó kéré tán, bí ọ̀rinrin bá sì ṣì wà nílẹ̀, kí ẹ fi kún un. Sìmẹ́ǹtì tuntun ní oró kan nínú tó dà bí ti eérú tí wọ́n fi ń se ọṣẹ. pH rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n tó ń sọ bí irú oró bẹ́ẹ̀ ṣe le tó, máa ń tó 12 sí 13. Oró yìí a máa jó àwọ̀ mìíràn, a sì máa jẹ ọ̀dà tí kò bá lágbára. Omi tó ń jáde bọ̀ láti inú ògiri tún máa ń gbé iyọ̀ wá sójú, ìyẹn èérún funfun tí ẹ máa ń rí lára ògiri tuntun. Lára ọ̀dà funfun, ẹ lè má mọ̀ pé ó wà. Lára aró, láti òpópónà ni wọn yóò ti rí i. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ aró gbọ́dọ̀ ní sùúrù ju ẹni tó fẹ́ funfun lọ, kí ó sì kọ́kọ́ fi ọ̀dà àkọ́kùn tó lè fara da oró sìmẹ́ǹtì bo ògiri náà. Bó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n fi àwọ̀ eérú díẹ̀ sínú àkọ́kùn ọ̀hún. Ọ̀dà tó jìn kì í ní funfun púpọ̀ nínú, funfun yẹn ló sì máa ń mú kí ọ̀dà bo nǹkan. Bí àkọ́kùn bá funfun jù, á máa yọjú lábẹ́ aró, ẹ ó sì kùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin níbi tí ẹ̀ẹ̀mejì ìbá ti tó.

Onílé_Tuntun kọ:

Mo ti padà dé. Àwọn pákó náà lo ọjọ́ mẹ́rin lọ́dọ̀ wa, a sì ń gbé wọn kiri bí ọmọ tuntun. Mo gbé pákó aró síwájú ilé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo sì fi ọwọ́ kàn án nígbà tó di ìrọ̀lẹ́. N kò tún bá ẹnikẹ́ni jiyàn ooru mọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìyẹ̀wù, ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló dúró níwájú pákó aró náà fún ìgbà pípẹ́, ó sì bi mí léèrè bóyá a lè kun gbogbo ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níbẹ̀.

Ohun tí a fẹnu kò lé lórí nìyí. Òde ilé yóò jẹ́ funfun, ṣùgbọ́n funfun tí a fi eérú díẹ̀ pa lójú, kí ó má baà kọ mànà. Ìdí ògiri, láti ilẹ̀ dé orúnkún, yóò jẹ́ aró yí ilé ká, nítorí ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ tí Dúdú_Wùmí sọ wọ̀ mí létí gan-an. Ilẹ̀kùn àbáwọlé, tó wà lábẹ́ òrùlé ìloro tí oòrùn kì í dé, yóò jẹ́ aró pẹ̀lú. Nínú ilé, yàrá ìgbàlejò á jẹ́ funfun, ìyẹ̀wù á jẹ́ aró tó ń dán díẹ̀, gílóòbù rẹ̀ á sì jẹ́ 4000 K. Ìbéèrè kan ló kù: níbi tí funfun àti aró ti pàdé ní ìdí ògiri, èwo ni kí a kọ́kọ́ kùn, báwo ni ìlà náà yóò sì ṣe tọ́?

Dúdú_Wùmí kọ:

Mo ti jàre ní ìwọ̀n orúnkún kan, ó tó mi.

Akunlé_Àtijọ́ kọ:

Funfun ni kí ẹ kọ́kọ́ kùn, mà, kí ẹ sì kùn ún kọjá ojú ìlà díẹ̀. Aró yóò bo funfun díẹ̀ tó kọjá ìlà yẹn, ṣùgbọ́n bí aró bá ta sí apá òkè, ẹ ó pẹ́ níbẹ̀ kí funfun tó bò ó. Kí funfun náà gbẹ di ọjọ́ kejì. Ẹ fi okùn tó ní ẹfun lára fa ìlà tó tọ́, ẹ lẹ téèpù mọ́ apá òkè ìlà náà, kí ẹ sì fi funfun díẹ̀ kun etí téèpù kí ẹ tó fi aró kàn án. Bí ohunkóhun bá yọ́ wọ abẹ́ téèpù, funfun ni yóò jẹ́, kò ní hàn. Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ kun aró. Ẹ ṣí téèpù kúrò kí kíkùn ìkẹyìn tó gbẹ tán, kí ẹ máa fà á padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, torí bó bá gbẹ pọ̀ mọ́ ọ̀dà, á bó o lọ.

Ẹ ra aró tó máa tó lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí ògiri tó jọ̀lọ̀, líta kan máa ń kun nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 10 sí 12 lẹ́ẹ̀kan. Lórí ìdí ògiri yín tí kò jọ̀lọ̀, kò ní kun tó bẹ́ẹ̀. Bí garawa bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ dà gbogbo wọn pọ̀ sínú ohun ńlá kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí aró inú garawa méjì kì í fi bẹ́ẹ̀ bára mu, ojú ibi tí ẹ bá sì ti pààrọ̀ garawa ni yóò fi hàn yín.